Bí Oògùn Dókítà Ṣe Lè Bá Yín Nílé ní Èkó

Láti Àjàh lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà torí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, odidi ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ẹ ó jí ní ìdájí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú yín ní Lẹ́kí, á tún mú yín lórí Third Mainland, nígbà tí ẹ bá sì fi máa dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn, wọ́n lè ní èyí tí dókítà kọ ò sí, kí ẹ lọ rà á níta. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ará Èkó fi ń ní kí fámásì máa fi oògùn ránṣẹ́ sáwọn nílé báyìí. Kì í ṣe nípasẹ̀ póòsù o. Lókè òkun, oògùn lè bá èèyàn nínú àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tiwa níbí, ọwọ́ ọlọ́kadà dísípáàṣì ló wà, orí WhatsApp sì la ti ń nájà.

Pípè wọ́n ò le. Ohun tó le ni pé láti ìgbà tí oògùn bá ti kúrò lórí pẹpẹ títí tó fi máa bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e, ẹ ò mọ oòrùn tó pa á lójú ọ̀nà. Bí ojú yín á ṣe tó o, bí ẹsẹ̀ yín ò tiẹ̀ débẹ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Orí ìwé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí dókítà bá parí ọ̀rọ̀ tó na ìwé sí yín, ẹ má tíì dìde. Ẹ kà á níwájú rẹ̀. Ṣé orúkọ yín pé? Ṣé ọjọ́ orí yín wà níbẹ̀? Ṣé ó kọ déètì, ṣé ó buwọ́ lù ú, ṣé òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni ti oògùn fúnra rẹ̀: orúkọ, ìwọ̀n mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ti oṣù mélòó. Ìwé tí kò ní déètì, apòògùn tó mọṣẹ́ lè dá a padà, ẹ má bá a jà. Tó bá jẹ́ oògùn tí ẹ ó máa lò lọ títí ni, ẹ bẹ dókítà kó kọ ti oṣù mẹ́ta, kí ẹ lè máa rà á lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹ tún ń lọ tò sórí ìlà torí ìwé nìkan.

Ẹ tún ní kó kọ orúkọ oògùn gan-an, kó má fi mọ sí orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fi ń tà á. Lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń lo Ventolin, Seretide àti Augmentin ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára: oògùn wọ́n bí ojú, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ ò ní rí i rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ salbutamol, orúkọ gan-an ti oògùn inú Ventolin, sínú ìwé rẹ̀, apòògùn á kàn sọ fún un pé Ventolin ò sí nílẹ̀, àmọ́ èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe wà. Bó bá jẹ́ Ventolin nìkan ló wà nínú ìwé, wọ́n lè ní àfi káwọn pe dókítà, dókítà á sì wà nínú tíátà, ilẹ̀ á ti ṣú.

Àwọn lẹ́tà kéékèèké tó máa ń tẹ̀lé orúkọ oògùn, XR, SR, MR tàbí Retard, wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oògùn náà máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Metformin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, 500 mg lásán àti XR 500 mg, bí a ṣe ń lò wọ́n yàtọ̀ síra, a kì í sì í lọ èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ tàbí ká rún un lẹ́nu. Bí lẹ́tà yẹn bá já sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń tẹ orúkọ oògùn sórí fóònù, oògùn tí kì í ṣe tiyín ni wọ́n máa gbé wá, ẹjọ́ wọn sì kọ́. Nítorí náà, àwòrán ìwé ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì lójúmọmọ, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí òjìji fóònù yín má bo òǹtẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, ó máa mọ́lẹ̀ ju bí WhatsApp ṣe máa ń fún fọ́tò pọ̀ lọ. Ẹ fi àwòrán páálí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kún un. Kí ẹ sì kọ oògùn yòówù tí ẹ tún ń lò sí i, títí kan àgbo, àti oògùn tí ara yín ò gbà. Ìwé gidi yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ọwọ́ ta ni ẹ ti fẹ́ rà á?

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Fámásì wà, kẹ́míìsì àdúgbò náà wà. Apòògùn tó kàwé gboyè ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó fámásì. Kẹ́míìsì ní ìwé àṣẹ láti ta oògùn ẹ̀fọ́rí, oògùn inú kíkùn àti irú wọn. Màmá oníkẹ́míìsì lè jẹ́ èèyàn dáadáa, wọ́n lè máa tà yín láwìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wọn ò dé orí oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ. Àjọ tó ń fún àwọn méjèèjì níwèé àṣẹ ni PCN, tí òfin 2022 sọ di Pharmacy Council of Nigeria, abẹ́ àjọ yẹn náà sì ni àwọn fámásì orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ ilé oògùn gbà. Ara ògiri ló yẹ kó wà, kí gbogbo èèyàn máa rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ò ní ògiri tí ẹ lè wò. Ẹ ní kí wọ́n ya á ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni apòògùn àgbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Bí ìbéèrè yìí bá bí wọn nínú, ẹ dágbére fún wọn.

Lójú tèmi, fámásì kékeré tó wà ládùúgbò yín, tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ti wọlé síbẹ̀ rí, tí ẹ sì mọ ojú apòògùn ibẹ̀, sàn ju ojú ìwé Instagram tó ń dán gbinrin lọ. Àwọn onílé oògùn ńlá bíi HealthPlus àti MedPlus náà ní ẹ̀ka káàkiri Èkó, Erékùṣù àti orí ilẹ̀, ìyẹn náà dáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ilé wà, kí àdírẹ́sì wà, kí ẹni tí ẹ lè lọ bá wà bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo.

Torí kí lẹ rò pé àwọn kan fi ń tà á ní owó pọ́ọ́kú? Ẹ̀yin náà mọ Ìdúmọ̀tà. Ọjà oògùn ibẹ̀ ń bọ́ Èkó àti àwọn ìlú tó jìnnà, oògùn gidi wà níbẹ̀, ayédèrú náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ọjà náà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba, kí wọ́n lè yẹ ṣọ́ọ̀bù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú nìkan kọ́ ni ìṣòro o. Oògùn tó jẹ́ ojúlówó láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n wá tò jọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbígbóná fún ọ̀pọ̀ oṣù, agbára rẹ̀ lè ti lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Páálí rẹ̀ á ṣì máa dán.

Ẹ̀rí kan tún wà tó máa ń sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní ẹ ò nílò ìwé dókítà, tó ní kí ẹ ṣáà sanwó, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé, tó ń béèrè oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, tó ń béèrè iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru yín jẹ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ máa sú yín, òun ni kí ẹ dì mú.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó

Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ kọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ o. Ìwé oògùn màmá mi rèé. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, Súrùlérè ni wọ́n ń gbé. Amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ti oṣù kan ni mo fẹ́, wọ́n tún ń lo metformin. Ilé iṣẹ́ wo ló ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí n rí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí lílò rẹ̀ dópin. Èló ni oògùn, èló sì ni owó ọlọ́kadà dé Ojúẹlẹ́gba?”

Bíbéèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kì í ṣe àṣejù. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń lo oògùn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n wá gbé aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Oògùn kan náà ni, ilé iṣẹ́ ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n màmá rò pé dókítà fi tuntun kún un ni, wọ́n sì ń lo méjèèjì pọ̀, títí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Bí ilé iṣẹ́ bá máa yí padà, ẹ rí i pé ẹni tó ń gbé oògùn sẹ́nu gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí ẹ sì kó èyí tó ṣẹ́kù kúrò níwájú rẹ̀.

Ti owó kò gùn. Orúkọ tó bá jáde nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fámásì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san án sí àkáǹtì ẹnì kan torí pé ti ilé iṣẹ́ “ń ṣe wàhálà”, ẹ ní ẹ ó dúró dìgbà tó bá dáa. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, ì báà jẹ́ Ìlera Èkó ti ìpínlẹ̀ tàbí NHIA ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, torí oògùn tí ẹ bá fi owó ara yín rà níta, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni san án padà fún yín.

Ìgbà wo ni kí ẹ pè?

Nígbà tí oògùn ọ̀sẹ̀ kan bá ṣẹ́kù. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku méjì. Oògùn wárápá, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àti oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisolone tí èèyàn ti lò pẹ́, ewu ni kéèyàn já wọn jù lójijì. Òjò Èkó kì í sì í béèrè bóyá oògùn yín ti tán kó tó ya wá.

Àárọ̀ lẹ fẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Friday kò dáa, torí gbogbo Erékùṣù ló ń darí bọ̀ sórí ilẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, òde àríyá ti dí ọ̀nà. Bí fámásì bá wà ní Ìkẹjà tí ẹ̀yin sì wà ní Ọbáléńdé, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, torí owó tí ọlọ́kadà máa gbà láti fi gun afárá àti èyí tó máa gbà láàárín àdúgbò, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ó ti ń rọrùn kí owó ọlọ́kadà ju owó oògùn lọ. Ẹ lè kó oògùn yín àti ti bàbá pọ̀ sọ́jọ́ kan, kí ẹ sanwó ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má sì rán ọmọ àdúgbò tó ní ọ̀kadà lásán. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Eti-Osa, Ìkẹjà, Súrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Apapa, kí wọ́n tó tún fi àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn bíi Muṣin àti Kosofe kún un. Wọ́n yọ àwọn dísípáàṣì sílẹ̀, ṣùgbọ́n dísípáàṣì tó ní àpótí àti ìwé ilé iṣẹ́ ni. Ọmọ àdúgbò yín, bí wọ́n bá gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn yín náà ti bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà ilé, àti ohun tí kò kan ọlọ́kadà

Àdírẹ́sì nìkan ò tó ní Èkó. Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ lórí máàpù, kí ẹ tún ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé: “Bí ẹ bá kọjá mọ́ṣáláṣí, ilé kẹrin lọ́wọ́ òsì, géètì dúdú, ẹ béèrè Màmá Kúnlé.” Nọ́ńbà fóònù méjì ni kí ẹ fún wọn. Bó bá jẹ́ òbí yín ló máa gbà á, ẹ ti pè wọ́n ṣáájú pé owó ti wọlé, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ọlọ́kadà má sì gbé e fún mégádì, torí ẹ̀gbẹ́ géètì, nínú oòrùn, ló máa wà títí ẹ ó fi dé.

Ohun tó wà nínú ẹrù, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti fámásì ni. Ẹ ní kí wọ́n dì í sínú nọ́ọ̀lọ́nù tí kò mọ́lẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí rìsíìtì wà nínú, kó má wà níta. Orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn HIV tàbí oògùn ọpọlọ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò ń sọ̀rọ̀.

Oògùn tó fẹ́ tútù

Bí kò bá sí ínsúlínì, abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ, tàbí oògùn fíríìjì mìíràn nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ lè fo ibí yìí. Bó bá wà, ẹ fara balẹ̀.

Ínsúlínì tí ẹ ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú fíríìjì nìyẹn, kì í ṣe inú fírísà. Àpótí tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ní ọ̀sán gangan lórí afárá Èkó gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ, oòrùn lókè, ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé e, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fi gbé e. Kúlà kékeré tàbí fúláàsìkì ẹlẹ́nu gbàgẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àpò yìnyín, ló dáa. Kí wọ́n fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ ìnura sáàárín yìnyín àti ínsúlínì, kí wọ́n má fara kan ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ eléyìí, torí ibi tí inú rere ti ń ba nǹkan jẹ́ ni. Ọmọ ilé oògùn tó fẹ́ ṣe dáadáa á ju ìgò ínsúlínì sáàárín yìnyín, á fi ọ̀rá dì í. Ínsúlínì tó bá ti dì rí, ó ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà tó sì dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tó bá lò ó, ṣúgà rẹ̀ á máa gòkè, á máa rò pé oúnjẹ ló fà á.

Ẹ ní kí ọlọ́kadà wá tààrà, kó má kọ́kọ́ yà fi bàtà ránṣẹ́ ní Yábàá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dísípáàṣì ní owó tiwọn fún èyí tó ń lọ tààrà, ó wọ́n díẹ̀, ẹ san án.

Bó bá dé, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn. Ó yẹ kó tutù lọ́wọ́, kó má gan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ínsúlínì tó ń jẹ́ Actrapid gbọ́dọ̀ mọ́ gaara bí omi. Bó bá ti rú tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ínsúlínì Mixtard yàtọ̀, òun máa ń funfun bí omi ọ̀gì. Ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Bó bá dọ́gba, ó dáa. Bí ẹ bá rí hóró hóró tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò tàbí kókó tí kò tú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Àárín fíríìjì ni kó wà, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn, kì í ṣe abẹ́ fírísà. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ibẹ̀ ò bá gbóná ju bí ìwé inú páálí ṣe sọ lọ, ó sábà máa ń jẹ́ 25 tàbí 30. Yàrá tí páànù ń jó lórí rẹ̀ ní oṣù kẹta kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ìkòkò amọ̀ bí àmù àwọn ìyá wa wúlò: ẹ gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ẹ fi yanrìn tútù sáàárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ di ínsúlínì sínú ọ̀rá kí omi má dé ara rẹ̀. Kò ní tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó máa tutù ju yàrá lọ.

Ẹni tó ń lo latanoprost, oògùn tí a ń kán sójú fún àìsàn ojú gíláúkómà, náà, kó béèrè yìnyín, torí fíríìjì ni èyí tí wọn ò tíì ṣí ń gbé. Ti ọmọdé, bó bá jẹ́ oògùn Augmentin olómi tàbí irú rẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí fámásì po ó kí wọ́n tó gbé e. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù po ó nílé, dé ojú ìlà tó wà lára ìgò. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti po ó ni ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ.

Kí ọlọ́kadà tó yísẹ̀ padà

Ẹ ní kó dúró díẹ̀. Á máa kánjú, á ní ẹlòmíràn ń dúró de òun ní Gbàgádà. Ẹ fún un lómi mu, kí ẹ tú ẹrù.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ìwé dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, kí ẹ fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo mílígíráàmù: páálí amlodipine 5 àti 10 láti ilé iṣẹ́ kan náà máa ń jọra bí ìbejì, ọjọ́ tí ọwọ́ bá sì dí ní fámásì, èyí tó wà lókè ni ọwọ́ máa bà. Ẹ ka iye káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí lílò rẹ̀ dópin tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá ti ara káàdì mu, nọ́ńbà ìdì (batch number) náà bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹnì kan ti gbé oògùn kan sínú páálí òmíràn nìyẹn.

Nọ́ńbà NAFDAC ti oògùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04, A4, B4 tàbí C4. Ẹ lè wá a lórí Greenbook, àkọsílẹ̀ oògùn tí NAFDAC ti fọwọ́ sí, ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ tó jáde ni orúkọ tó wà lọ́wọ́ yín. Oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò máa ń ní ibi tí a ti ń họ: ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà tó bá yọ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tó wà lára páálí, bíi 38353, èsì á padà wá sórí fóònù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ lè má ní ibi híhọ yẹn rárá, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Bí wọ́n bá sì ti họ ọ́ kó tó dé, ẹ má gbà á.

Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ pe apòògùn nígbà tí ọlọ́kadà ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ má lò ó. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á padà, ẹ kó páálí àti rìsíìtì lọ sọ́dọ̀ NAFDAC. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti lò ó tí ara sì ń ṣe yín bákan, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi tó NAFDAC létí lórí Med Safety, áàpù tó wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù.

Èyí tí kì í gun ọ̀kadà

Tramadol, diazepam, Lexotan, àti àwọn oògùn tó lè di bárakú, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ pẹ̀lú ìwé dókítà. Fámásì tó bá ń fi irú wọn ránṣẹ́ káàkiri láìbéèrè nǹkan kan, òfin ń wá a, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ kí ọlọ́pàá bá a lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó ń bọ̀ wá sílé yín. Oògùn ikọ́ tó ní codeine, láti ọdún 2018 ni ìjọba ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé.

Oògùn tuntun tí ẹ ò lò rí, ẹ lọ gbà á lójúkojú nígbà àkọ́kọ́, pàápàá abẹ́rẹ́ àti èyí tí a ń fà sí imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Apòògùn á fi bí a ṣe ń lò ó hàn yín, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Lóṣù kejì kó wá máa gun ọ̀kadà bọ̀.

Bí àyà bá sì ń dun èèyàn, tí kò lè mí, tàbí tí ṣúgà lọ sílẹ̀ tó ń làágùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má pe fámásì kankan. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767.

Ọ̀rọ̀ oògùn tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló kù. Àbúrò tó wà ní London á ní òun máa fi sínú póòsù. Ẹ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè há sọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, inú ilé ẹrù gbígbóná ló sì máa ti dúró. Bó bá jẹ́ dandan, kí ẹni tó ń bọ̀ gbé e wá nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé dókítà tó ní orúkọ ẹni tó ni ín, kó má sì ju èyí tí ẹnì kan lè lò lọ. Ínsúlínì ò gbọ́dọ̀ bá ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú lọ rárá, torí òtútù ibẹ̀ lè mú un dì.